Èsì: Sólà àjọlò fún ilé mẹ́jọ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá ẹ nílò láìsẹ́ǹsì ìjọba kí ilé mẹ́jọ tó lè jọ lo sólà kan. Rárá o, ẹ ò nílò rẹ̀. Òfin iná mànàmáná Nàìjíríà ti ọdún 2023 gbà kéèyàn pèsè iná tí kò ju mẹ́gáwáàtì 1 (ìyẹn kílówáàtì 1,000) lọ lójú kan láìgba láìsẹ́ǹsì, kó sì pín èyí tí kò ju kílówáàtì 100 lọ. Sólà ilé mẹ́jọ kì í sábà débẹ̀.

Àmọ́ bó bá jẹ́ Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́ tàbí Èkó lẹ wà, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń bójú tó ọjà iná níbẹ̀ báyìí. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó ra wáyà.

Owó bátìrì ló máa ń dá ìjà sílẹ̀, kì í ṣe ìjọba. Ẹ fi mítà sí ilé kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ń tan gílóòbù méjì má baà máa sanwó ẹni tó ń fi éásì (ẹ̀rọ amúlétutù) sùn.