Èsì: Egbò ojúgun bàbá yín

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o, ẹ̀gbọ́n mi ará Kétu. Ẹ ní iná ti jó wọn lẹ́sẹ̀ tipẹ́tipẹ́, pé ojú àpá náà tún ya, kò sì jinná mọ́. Ẹ wá ń béèrè irú jẹjẹrẹ awọ ara tó máa ń le.

N kò lè fojú inú wo egbò kí n ní jẹjẹrẹ ni. Àmọ́ àpá iná àti egbò ọlọ́jọ́ pípẹ́ wà lára ibi tí a ti sábà ń rí i lára àwa aláwọ̀ dúdú. Àpá egbò Bùrúlì, àrùn kòkòrò àìfojúrí tó máa ń jẹ awọ ara, náà ń fà á, ẹ mọ̀ pé àrùn yẹn kò ṣàjèjì lágbègbè wa. Èyí tó bá hù nínú àpá ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí ó máa ń tètè ràn dé àwọn kókó tó wà níbi tí itan ti pàdé ikùn. Ẹ fọwọ́ kàn án wò bóyá ó wú.

Èyí tó bá fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, tó jinlẹ̀ ju mílímítà 6 lọ, tàbí tó wọnú iṣan ìmọ̀lára tí ibẹ̀ fi ń ro wọ́n tàbí kú tipiri, ewu rẹ̀ pọ̀. Ti etí àti ètè náà le. Àwọn àfín ni oòrùn ń fi ìyẹn bá jà jù. Ẹni tí ara rẹ̀ kò lè gbógun ti àrùn mọ́, bí ẹni tó ní sídà tàbí tó pààrọ̀ kíndìnrín, kò gbọdọ̀ fi falẹ̀ rárá.

Ẹ dá lílẹ àgúnmu mọ́ ọn dúró ná. Ẹ gbé bàbá lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé kó gé díẹ̀ létí egbò náà fún àyẹ̀wò.