Adìyẹ 6 ni mo fẹ́ sìn lẹ́yìn ilé, báwo ni kí n ṣe kọ́ ilé wọn?

Fíìtì 6 lóòró, fíìtì 4 níbùú ti tó fún adìyẹ 6, ìyẹn tí wọ́n bá máa ń jáde lọ́sàn-án o. Tẹ́ ẹ bá tì wọ́n mọ́bẹ̀ tọ̀sán tòru, wọ́n á máa fẹnu ṣá ara wọn, wọ́n á sì máa fa ìyẹ́ ara wọn tu.

Atẹ́gùn lọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò. Wọ́n á dí gbogbo ihò pa torí òtútù, àṣé ọ̀rinrin àti òórùn ìgbẹ́ wọn ló ń ba èémí wọn jẹ́ jù. Ẹ ṣí ojú atẹ́gùn sílẹ̀ lábẹ́ páànù, kó ga ju orí wọn lọ níbi tí wọ́n ń sùn.

Igi tí wọ́n máa bà lé, ínṣì 8 sí 10 fún adìyẹ kan, kó sì ga ju àpótí tí wọ́n ń yé sí, torí ibi tó bá ga jù ni wọ́n máa ń sùn, tó bá wá jẹ́ inú àpótí ni, ìgbẹ́ lẹ ó máa nù lára ẹyin láràárọ̀. Àpótí 2 ti tó.

Wáyà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń pè ní ti adìyẹ yẹn, adìyẹ nìkan ló lè dá dúró, ẹranko á ya á. Ẹ ra èyí tó le tójú ẹ̀ ò ju ààbọ̀ ínṣì lọ, kẹ́ ẹ rì í mọ́lẹ̀ tó ínṣì 12, torí àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ wọlé.