O ti yọ ọ́ lára iná, iná ò tíì yọ lára rẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìperu ni mo ti ń kọ̀wé. A ní plasma ínṣì 43 kan nílé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n mú iná lọ, nígbà tí wọ́n sì máa mú un padà, ó dé pẹ̀lú agbára. Gílóòbù méjì jó, tẹlifíṣọ̀n náà dún "táú" lẹ́ẹ̀kan péré, ó kú. Iná pupa kékeré ìsàlẹ̀ rẹ̀ pàápàá kò tàn mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tún fóònù ṣe ní fíúsì ló jó, pé kí n tú ẹ̀yìn rẹ̀, kí n fi wáyà tín-ín-rín so ojú fíúsì náà pọ̀. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti yọ ọ́ lára iná, nítorí náà mo mọ̀ pé kò séwu. Irú sukudíráfà wo ni kí n lò, ibo ni kí n sì ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé mo lè fi sípíríìtì nu ojú rẹ̀ tí mo bá tú u tán?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, sukudíráfà lo béèrè, ṣùgbọ́n "mo mọ̀ pé kò séwu" yẹn ni mo padà lọ kà lẹ́ẹ̀mejì. Ìwọ kọ́ lo kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ti sú mi láti máa dá ènìyàn kọ̀ọ̀kan lóhùn lórí rẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí gùn.

Kí n kọ́kọ́ mú kékeré kúrò nílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí tìrẹ má jẹ́ plasma rárá. Nílẹ̀ wa níbí, gbogbo tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ là ń pè ní plasma, bí a ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ ẹlẹ́bú ní Omo. Plasma gidi wúwo, ojú rẹ̀ sì máa ń gbóná. Nígbà tí ọdún 2014 fi máa parí, Panasonic, Samsung àti LG ti dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró. Tó o bá ra tìrẹ ní tuntun láìpẹ́ yìí, LED ni: páńẹ́lì LCD, ìyẹn ojú tó ń gbé àwòrán jáde, níwájú, àwọn gílóòbù wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò lórí irin gbọọrọ lẹ́yìn rẹ̀ láti máa tanná sí i. Tó bá wá jẹ́ plasma lóòótọ́, ewu iná inú tirẹ̀ tún pọ̀ ju ti LED lọ.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ iná.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe yìí ti wá. Ìjọba Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tiwa níbí, ló dá tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún 1959, láti ìgbà náà títí di ìgbà tí èmi náà lọ kọ́ṣẹ́, tẹlifíṣọ̀n alápòótí la mọ̀. Gbogbo ayé ló bẹ̀rù ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ pé iná orí túùbù ńlá yẹn, pàápàá ti aláwọ̀, máa ń lé ní 20,000 fóltì, pé ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á. Nígbà tí pẹlẹbẹ dé, tí túùbù kógbá wọlé, àwọn ènìyàn rò pé ewu náà bá túùbù lọ ni. Kò bá a lọ. Ó kàn kó lọ sí yàrá mìíràn ni.

Tí omi ẹ̀rọ bá dá n'Ìperu, ṣé dúrọ́ọ̀mù tí ẹ ti pọn kún sẹ́yìn ilé náà gbẹ ni? Kàpásítọ̀ ni dúrọ́ọ̀mù inú tẹlifíṣọ̀n. Lórí bọ́ọ̀dù iná, ìyẹn bọ́ọ̀dù tí wáyà tó ti ògiri wá wọ̀, nǹkan kan wà níbẹ̀ tó rí róbótó bí àgólò kékeré, tó dúró lórí ẹsẹ̀ méjì. Nínú tẹlifíṣọ̀n tín-ín-rín, wọ́n máa ń tẹ́ ẹ gbalaja ni, àwọn mìíràn ní méjì tàbí mẹ́ta tó jókòó ti ara wọn. Wàá rí 400V tàbí 450V lára rẹ̀. Iná bíi 220 sí 240 fóltì ló ń bọ̀ láti ògiri. Tí bọ́ọ̀dù bá ti sọ ọ́ di DC, ìyẹn iná tó ń lọ sọ́nà kan ṣoṣo bíi ti bátìrì, ó di nǹkan bí 310 sí 340. Àwọn tẹlifíṣọ̀n tó tóbi díẹ̀ tún ní apá kan tí wọ́n ń pè ní PFC, tó ń tì í gòkè dé bí 380 sí 400. Inú àgólò yẹn ni gbogbo rẹ̀ ń rọ́ sí, kò sì mọ̀ pé o ti yọ pílọ́ọ̀gì.

Ibi tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu nìyí: tẹlifíṣọ̀n tó ti kú burú ju èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ. Èyí tó ń ṣiṣẹ́, bó o bá fa pílọ́ọ̀gì yọ, bọ́ọ̀dù á ṣì máa fa iná mu nínú kàpásítọ̀ títí yóò fi lọ sílẹ̀. Ìwọ náà á ti rí iná pupa yẹn tó ń pẹ́ díẹ̀ kó tó kú. Ṣùgbọ́n tí apá tó ń fa iná náà bá ti jó, ta ni yóò mu ún? Dúrọ́ọ̀mù kún, kò sẹ́ni tó ń bù ú. Lóòótọ́, wọ́n máa ń fi rẹsísítọ̀ sí i tó yẹ kó máa jo ó dànù díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n rẹsísítọ̀ náà wà lára ohun tí iná àjẹjù máa ń gé.

Ọjọ́ mẹ́ta ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kó ti tán. Nígbà púpọ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó. Ó tiẹ̀ ṣeé ṣe kí ohun tó jó nínú tìrẹ ti tú u dànù lójú ẹsẹ̀. Èmi kì í fi "ó ṣeé ṣe" ki ọwọ́ bọ ibẹ̀.

Mo ti kì í bọ ọ́ rí. Ọmọ iṣẹ́ ni mí nígbà náà, n'Ìjẹ̀bú-Òde, Ojúde Ọba ku ọjọ́ díẹ̀, gbogbo ènìyàn sì fẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n ilé wọn ti dá kí àlejò tó dé. LCD ínṣì 40 kan wà lórí tábìlì mi. Mo fi í sí iná láàárọ̀, kò dìde. Mo yọ ọ́, mo lọ jẹ ìkọ́kọrẹ́ lọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ ìdojúkọ wa, mo padà dé, mo tú síkúrù bọ́ọ̀dù iná, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Àtàǹpàkò mi bọ́ sí abẹ́ rẹ̀, ibi tí ẹsẹ̀ kàpásítọ̀ ti yọ. N kò rántí pé mo pariwo. Ohun tí mo rántí ni pé apá mi fò sẹ́yìn fúnra rẹ̀, ìgúnpá mi sì gbá páńẹ́lì oníbàárà mìíràn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Iná náà ò pa mí. Páńẹ́lì yẹn ló kú, ó fọ́ sínú bí ilé aláǹtakùn. Ọ̀gá mi ò lù mí, kò bú mi. Ó gbé páńẹ́lì náà kọ́ sí ògiri níwájú ibi tí mo ń jókòó, ibẹ̀ ló sì wà títí mo fi ṣe fíríìdọ̀m.

Ọwọ́ méjèèjì tí mo fi gbé e ni àṣìṣe mi kejì. Iná tó bá gba ọwọ́ kan wọlé, tó gba ìkejì jáde, àyà ló gbà kọjá, ibẹ̀ sì ni ọkàn wà. Ìdí nìyí tó o fi máa ń rí àwọn àgbà oníṣẹ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ kan wọn iná, tí ìkejì wà lápò. Kì í ṣe fàájì.

Ẹnì kan á ní: "Ṣebí kéèyàn fi sukudíráfà kan ẹsẹ̀ kàpásítọ̀ méjèèjì pọ̀ kó tú ni." Mo kórìíra ìmọ̀ràn yìí. Sukudíráfà kan ń bẹ lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi níbí ní Ṣàgámù tí wọ́n lò bẹ́ẹ̀: etí rẹ̀ ti yọ́, ó dà bí ibi tí eku ti jẹ ẹ̀. Irin tó yọ́ yẹn fò lọ síbì kan, ojú ẹni tó tẹ̀ mọ́ iṣẹ́ ló sì súnmọ́ jù. Ó tún lè hú ojú ọ̀nà iná lára bọ́ọ̀dù, kí iṣẹ́ kan di méjì.

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ ń kà á, ẹ̀yin ni gbólóhùn tó kàn yìí wà fún, kì í ṣe àbúrò mi yìí. Rẹsísítọ̀ 2,000 ohm, oní-10 wáàtì, tí ẹ ti so wáyà aláwọ nípọn mọ́, tí ẹ sì ti fi téèpù dì dáadáa, ni kí ẹ fi kan ẹsẹ̀ kàpásítọ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Mítà lẹ máa fi mọ̀ bóyá ó ti tú, DC, lórí 1000, lára ẹsẹ̀ méjèèjì gan-an. Ẹ má fi wáyà dúdú mítà kan irin ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, torí apá tó gbóná nínú bọ́ọ̀dù yẹn, ìyẹn apá tí iná ògiri wọ̀ tààrà, kò bá irin náà tan, mítà á sì purọ́ fún yín. Kí ẹ tó gba òdo tó bá kọ gbọ́, ẹ kọ́kọ́ wọn bátìrì rìmóòtù wò. Mítà olówó pọ́ọ́kú aláwọ̀ ìyeyè tí gbogbo wa ń rà, wáyà rẹ̀ máa ń já nínú awọ láìjẹ́ pé ó hàn síta, mítà tí wáyà rẹ̀ sì já á máa kọ òdo fún yín títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tó bá ti lọ sílẹ̀, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún un wọ̀n, nítorí ó máa ń rápálá gòkè díẹ̀.

Àbúrò, padà wá. Ọ̀rẹ́ rẹ tó ń tún fóònù ṣe: bátìrì fóònù kò tó 5 fóltì. Ó lè mọ iṣẹ́ tirẹ̀ dójú àmì, kó má sì mọ nǹkan kan nípa èyí. Fíúsì kì í déédé jó. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nígbà tí iná yẹn rọ́ wọlé, varistor, nǹkan pẹlẹbẹ róbótó kan tí wọ́n fi sẹ́nu ọ̀nà láti kú dípò àwọn yòókù, ló gba ìyà náà, tó sì fa fíúsì jó. Ìró "táú" tó o gbọ́ lè jẹ́ tirẹ̀. Tó bá jẹ́ òun nìkan, iṣẹ́ rẹ kò pọ̀, owó rẹ̀ kò sì ní dùn ọ́. Ṣùgbọ́n bó o bá so wáyà sí ojú fíúsì, kò sí ohun tí yóò gé iná mọ́ títí nǹkan yóò fi gbiná, tẹlifíṣọ̀n yín sì wà nítòsí kọ́tìnnì, bíi ti gbogbo ilé. Iye ámpì tí wọ́n kọ sára bọ́ọ̀dù náà ni fíúsì tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí ohun tó jó o.

Sípíríìtì, rárá. Kẹrosíìnì, rárá. Aṣọ rírọ̀ gbígbẹ ni, tó bá dọ̀tí púpọ̀, fi omi díẹ̀ ta aṣọ náà, má wọ́n ọn sára gíláàsì. Omi tó bá ṣàn dé etí ìsàlẹ̀ yóò kan àwọn ríbọ́ọ̀nù, ìyẹn wáyà pẹlẹbẹ, tó wà níbẹ̀, ilà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú rẹ̀.

Ohun tó o lè ṣe láì tú nǹkan kan: fi ohun mìíràn wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn kó o mọ̀ bóyá òun gan-an ló jó. Tẹ bọ́tìnnì ara tẹlifíṣọ̀n náà, má gbára lé rìmóòtù nìkan. Tó bá jẹ́ pé ó ń sọ̀rọ̀ láìsí àwòrán ni, ǹ bá ní kó o pa iná yàrá, kó o fi tọ́ọ̀ṣì tàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí àwòrán bá ń yọ bí òjìji, gílóòbù ẹ̀yìn rẹ̀ ló kú. Tìrẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Iná pupa gan-an kò tàn, nítorí náà bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti dára, iṣẹ́ rẹ parí níbẹ̀. Èmi kò rí tẹlifíṣọ̀n náà o, ohun tó o kọ ni mo fi ń sọ̀rọ̀; ẹni tó bá tú u wò ló lè sọ ohun tó ṣe é gan-an. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tètè sọ fún ọ pé páńẹ́lì ló bàjẹ́ nígbà tí kò tíì fi í sí iná. Ní kó fi ohun tó jó hàn ọ́, kó o sì gba ògbólógbòó padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Tó o bá máa gbé e wá sí Ṣàgámù, má gbé e sórí ọ̀kadà. Gbé e sínú ọkọ̀, kó dúró lóòró bó ṣe ń dúró nílé, kí ẹnì kan jókòó tì í, kí ó di etí rẹ̀ mú, kó má sì tẹ ojú rẹ̀. Má tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ìdojúbolẹ̀, ì báà jẹ́ orí fóòmù. Kó o sì mú rìmóòtù rẹ̀ dání, gbogbo yín lẹ máa ń gbàgbé rìmóòtù.