Irin Wo Ni Kí N Fi Fa Tírélà?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ máa fi Hilux mi fa tírélà kékeré láti kó kòkó lójú ọ̀nà Ifẹ̀wàrà wá sí Iléṣà. Ajórin kan ní òun á jó bọ́ọ̀lù ìfà (irin olórí roboto tí wọ́n ń fi tírélà kọ́) mọ́ bọ́ńpà ẹ̀yìn. Ṣé kí n gbà?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà. Irin bọ́ńpà fẹ́lẹ́. Ojú ibi tí wọ́n jó ni yóò ti ya nígbà tí tírélà bá ń jà nínú kòtò. Apá ṣasí (egungun irin abẹ́ ọkọ̀) méjèèjì ni kí ẹ de irin ìfà mọ́, pẹ̀lú bóòtù tí wọ́n kọ 8.8 tàbí 10.9 sí lórí, ìyẹn àmì pé irin rẹ̀ le. Ẹ tún wọn fún lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, torí wọ́n máa ń dẹ̀.

Ẹ wọn bọ́ọ̀lù náà, ẹ má fojú díwọ̀n. Bọ́ọ̀lù mìlímítà 50 wà, bẹ́ẹ̀ ni ti nǹkan bíi 48, wọ́n sì jọra. Èyí tó kéré lábẹ́ ìdérí 50 (imú tírélà tó ń bo bọ́ọ̀lù) lè yọ lójijì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ fi ṣéènì méjì de tírélà mọ́ ọkọ̀ pẹ̀lú.

Bí tírélà àti ẹrù bá jẹ́ kílò 1,000, kílò 100 sí 150 ni kó tẹ bọ́ọ̀lù. Bí àpò kòkó bá pọ̀ jù lẹ́yìn, tírélà á máa ju ìdí kiri, á sì fa ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tó ká wa lára gan-an: bí ọkọ̀ bá rì sínú ẹrẹ̀, ẹ má fi okùn kọ́ bọ́ọ̀lù láti fà á. Bọ́ọ̀lù náà lè ṣẹ́, kó sì fò bí ọta ìbọn. Ìkọ́ tí wọ́n dè mọ́ ṣasí ni ẹ lò.