Èsì: Nosferatu tó ń rìn lọ́sàn-án gangan

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní fíìmù Nosferatu (1922) ò bà yín lẹ́rù, torí ọ̀sán gangan ni òkú amùjẹ̀ náà ń gbé pósí kiri ìgboro. Ẹ̀dà tí ẹ wò ni kò dáa.

Ọ̀sán ni Murnau, olùdarí fíìmù náà, ya àwọn ìran òru, aró búlúù ni wọ́n fi rẹ fíìmù náà kó lè jọ òru. Bí tiyín bá jẹ́ dúdú-òun-funfun lásán, ẹ̀dà tí kò ní aró nìyẹn. Ẹ wá èyí tí wọ́n tún ṣe, tó ní àwọ̀.

Ẹ wá pa iná yàrá. Ẹ wo òjìji amùjẹ̀ náà tó ń gun àtẹ̀gùn, èékánná gígùn, ọwọ́ tó ń nà lọ síbi ilẹ̀kùn. Ara mi ṣì máa ń bù máṣọ!

Nínú ìwé Dracula, tí wọ́n ti mú ìtàn fíìmù yìí, amùjẹ̀ ń rìn lọ́sàn-án láìkú. Fíìmù yìí ló sọ oòrùn di ikú wọn.