Ẹ Bi Ìyá Àjẹṣẹ́kù: Kí N Ra Kòròpé, Àbí Kí N Yá A Lò?

ÌBÉÈRÈ

Ìyá Àjẹṣẹ́kù, ẹ kú iṣẹ́ o. Oúnjẹ ni mò ń sè ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà, tí mo ń gbé lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì mẹ́ta ní Marina, láti ọjọ́ Mọ́ńdè títí di Fúráìdé. Bàbá oníkòròpé kan ló ń bá mi gbé kúlà kọjá afárá Carter lójoojúmọ́, 9,000 náírà ni mò ń san fún un lóòjọ́. Wọn kì í tètè dé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aago méjì ku díẹ̀ ni ìrẹsì mi tó dé Marina, àwọn oníbàárà mi ti jẹ ẹ̀wà àgànyìn yó. Mo fẹ́ ní ọkọ̀ tèmi.

Ilé iṣẹ́ ayánilówó kan ní Yábàá ti fi kòròpé tòkunbọ̀ hàn mí, 6,000,000 náírà. Kí n mú 1,800,000 wá, àwọn á fi 4,200,000 kún un, kí n máa san 221,700 lóṣooṣù fún oṣù 36. Wọ́n ní èlé wọn jẹ́ 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ilé iṣẹ́ kejì ní lease làwọn ń ṣe: kí n fi 400,000 sílẹ̀, kí n máa san 190,000 lóṣù fún oṣù 24, kí n wá dá ọkọ̀ wọn padà. Àbúrò mi tó wà ní Houston ní lease ni kí n ṣe, pé òun ni wọ́n ń ṣe lọ́dọ̀ àwọn, kí n má kó owó lé ohun tó ń gbó. Mo fi ìwé àdéhùn méjèèjì sínú lẹ́tà yìí. Mo ní láti sọ pé wọ́n tún ń pè mí sí òde Sátidé ní Sùúrùlérè, tí mi ò lè gbà á nítorí àìsí ọkọ̀.

Olóúnjẹ, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà

ÌDÁHÙN

Olóúnjẹ, ọmọ mi, o kú làálàá. Mo ti ka ìwé méjèèjì, mo sì jókòó tì wọ́n pẹ̀lú kalikulétọ̀.

Ká ti orí lease bẹ̀rẹ̀, torí òun ló rẹwà jù lójú. 9,000 lọ́nà ọjọ́ 22 jẹ́ 198,000. Ohun tí bàbá oníkòròpé ń gbà lọ́wọ́ rẹ lóṣù nìyẹn. Tí wọ́n bá wá ní kí o mú 190,000 wá, á dà bíi pé o ti jèrè 8,000. Ṣùgbọ́n epo wà nínú 198,000 yẹn. Dírẹ́bà wà níbẹ̀. Táyà, ọ́ìlì, mẹkáníìkì, owó àgbèrò, bàbá yẹn ló ń ru gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ tí gíà bá kọ̀, òun ni yóò wọ Ládípọ̀ lọ wá òmíràn, ìwọ á wá ọkọ̀ míì dá dúró ni. Nínú ìwé lease tí o fi ránṣẹ́, ojú ewé kejì, wọ́n kọ ọ́ tín-ín-rín pé àtúnṣe gbogbo wà lọ́rùn ẹni tó yá ọkọ̀. Ó wá jẹ́ pé ọkọ̀ tiwọn, àìsàn rẹ̀ tìrẹ. Bí o bá fẹ́ yá ọkọ̀ lò, o ti ń yá a lò tẹ́lẹ̀, o sì rí i yá ní ọ̀nà tó dáa ju ti wọn lọ. Wọn ò tilẹ̀ kọ ọ́ bóyá 400,000 yẹn á padà wá.

Àbúrò rẹ kò parọ́ o. Ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ tuntun ni wọ́n sábà máa ń lease, fún ọdún méjì sí mẹ́ta, tí gàráńtì ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò tíì tán lórí rẹ̀. Wọ́n á dá iye máìlì tó gbọ́dọ̀ rìn lọ́dún fún un, 10,000 sí 15,000 ló wọ́pọ̀, èyí tó bá lé, wọ́n á san owó rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń san gan-an ni iye tí ọkọ̀ fi ń dín láti tuntun títí tó fi di àlòkù. Tòkunbọ̀ tiwa ti dín kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Tó bá ti gúnlẹ̀ sí Èkó, dọ́là ló ń sọ iye tó máa jẹ́. Ní oṣù Karùn-ún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà lójú ìjọba. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,500. Mo mọ ẹni tó ra kòròpé ṣáájú ìgbà yẹn, tó fi kó ẹja dídì fún ọdún méjì, tó sì tà á ní iye tó ju èyí tó fi rà á lọ. Kì í ṣe pé ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀, náírà ló ṣubú. Ṣùgbọ́n ká ní ó lease rẹ̀ ni, kọ́kọ́rọ́ ni ì bá dá padà fún wọn.

Ó ku owó yíyá. Wọ́n ní 30 nínú ọgọ́rùn-ún. 30 lórí kí ni? Mo fi 30 gba 4,200,000, ó jẹ́ 1,260,000. Ọdún mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 3,780,000. Mo fi kún owó tí wọ́n yá ọ, mo pín in sí ọ̀nà 36, ó jẹ́ 221,667. Àwọn èèyàn yìí ti rí i pé 221,700 dùn ún sọ. Orí gbogbo 4,200,000 ni wọ́n ti ń ka èlé láti ọjọ́ kìíní títí dé òpin. Ní oṣù karùndínlógójì, nígbà tí ohun tó kù lọ́rùn rẹ kò ju owó àpò ìrẹsì mélòó kan lọ, wọ́n ṣì ń gba èlé lórí mílíọ̀nù mẹ́rin. Bí wọ́n bá ń ka 30 kan náà lórí gbèsè tó kù lóṣooṣù, 178,300 ni ò bá máa san. Ìyàtọ̀ rẹ̀ lé ní 43,000 lóṣù, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ títí wàá fi san án tán. Padà lọ bá wọn. Sọ fún ọmọkùnrin tó wà ní káńtà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, flat lẹ fi ń ka tiyín ni, àbí reducing balance?" Flat ni èyí tí wọ́n ń ka lórí gbogbo owó tí wọ́n yá ọ, reducing balance ni èyí tí wọ́n ń ka lórí gbèsè tó kù. Èdè yẹn yé wọn dáadáa. Tí wọn ò bá yí i padà, gba báǹkì lọ. Má retí èlé 15 níbẹ̀ o. Nígbà tí 2024 parí, 27.5 ni Báǹkì Àpapọ̀ fúnra rẹ̀ gbé ti tiẹ̀ lé. Kí o sì mọ̀ pé láti 2020, Báǹkì Àpapọ̀ ti fàyè gba àwọn báǹkì láti fa gbèsè láti inú àkáǹtì yòówù tó bá wà lórí BVN rẹ. Owó ẹran tí o rò pé o fi pa mọ́ sí báǹkì kejì kò sá pa mọ́ fún wọn.

Fi inṣọ́ránsì kún un. Láti oṣù Kìíní 2023, owó inṣọ́ránsì tó kárí ohun gbogbo kò gbọ́dọ̀ dín ní 5 nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀, ẹni tó bá yá ọ lówó kò sì ní gba èyí tó kéré sí i. Ti ọkọ̀ rẹ jẹ́ 300,000 lọ́dún, 25,000 lóṣù. Sọ fún wọn pé oúnjẹ títà lo máa fi kó. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ilé lo kọ sínú fọ́ọ̀mù, wọ́n lè kọ̀ láti san nígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

178,300 àti 25,000 jẹ́ 203,300. O ti kọjá 198,000 kí o tó ra epo rárá, kí o tó wá dírẹ́bà. Nítorí náà, Marina nìkan kò lè bọ́ ọkọ̀ yìí. Sátidé ló máa bọ́ ọ. Jókòó, kọ gbogbo òde tí wọ́n pè ọ́ sí láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn tí o kò lè lọ. Bó bá tó méjì lóṣù, tí èrè ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó 60,000, ra ọkọ̀, kí o fi owó Sátidé san ti epo àti dírẹ́bà. Gba nínú 1,800,000 ìbẹ̀rẹ̀ yẹn lọ́dọ̀ àjẹṣẹ́kù tí o bá wà nínú ọ̀kan. Ní tiwa ní Yábàá, níbi tí mo ti ṣe akọ̀wé fún ogún ọdún, ìlọ́po méjì owó tí èèyàn bá ní nílẹ̀ la ń yá a, èlé wa kò sì tó ìdajì ti àwọn wọ̀nyí. (Onídùúró méjì la máa ń béèrè. Má lọ mú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ.)

Bí òde Sátidé kò bá tó bẹ́ẹ̀, oníkòròpé míì lo nílò. Ohun tó bí ọ nínú nínú lẹ́tà rẹ ni pé bàbá yẹn ń pẹ́. Wá èyí tó máa ń jí, fún un ní 10,000, kí ẹ sì fẹnu kò pé ọjọ́ tí kúlà kò bá dé kí aago méjìlá ààbọ̀ tó lù, 6,000 ni yóò gbà.

ÌBÉÈRÈ

Ìyá wa, ẹ kú àánú wa. Corolla hire purchase, tí mò ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi di tèmi, ni mo fi ń ṣe Bolt. Gbogbo owó rẹ̀ jẹ́ 7,800,000, mo ti san 5,000,000. Mo ṣàìsàn, mo sì jẹ owó ọ̀sẹ̀ méjì. Ọlọ́kọ̀ ní òun á kó àwọn ọmọkùnrin wá gbé e. Ṣé ó lè gbé e lóòótọ́?

Bàbá Ìbejì, Ṣómólú

ÌDÁHÙN

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ara líle. Ìwé ilé ìwé olójú ewé 40 kan wà nínú àpótí mi, èyí tí wọ́n tẹ ìsọdipúpọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ṣì ń rùn epo bẹntiróò títí dòní. Ìlà mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀, 30,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìbuwọ́lù ọlọ́kọ̀ tó rí bí ìwọ̀ ẹja. Ọdún 1999 ni. Ọkọ mi gba dánfó kan ní 420,000, oṣù 14 ni wọ́n dá fún wa láti san án. Ìlà kẹwàá kò ní ìbuwọ́lù. Engine kọ iṣẹ́ lóṣù yẹn, a sì ní kí ọ̀gá náà fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Aago márùn-ún ìdájí ló dé sí Mùṣín, òjò ń rọ̀, òun àti mẹkáníìkì kan pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kejì. Ọkọ mi ń wẹ̀ lọ́wọ́. Ó sáré jáde tòun ti ọṣẹ lójú, ó rí iná ẹ̀yìn dánfó tó ń yà lójú títì.

A gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ayé ṣe rí. Ó pẹ́ kí n tó ka òfin Hire Purchase ti 1965, tó ṣì wà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ní tí ẹni tó gba mọ́tò bá ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún gbogbo owó rẹ̀, ọlọ́kọ̀ kò gbọ́dọ̀ gbà á padà àfi kó gba ilé ẹjọ́ lọ. Ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún 420,000 jẹ́ 252,000. 270,000 la ti san.

Tiyín jẹ́ 4,680,000. Ẹ ti kọjá rẹ̀. Kò lè kó ọmọkùnrin kankan wá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: bí owó tó yẹ kẹ́ ẹ san bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tí ẹ kò san án, òfin kan náà fún un láyè láti gbé mọ́tò lọ síbi tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, kó má bàa bàjẹ́, títí ilé ẹjọ́ á fi dájọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ jẹ. Ẹ má jẹ́ kó di mẹ́ta. Ẹ yá owó ọ̀sẹ̀ kan lónìí, ẹ fi ránṣẹ́ láti báǹkì, kí ẹ kọ nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ náà sínú rẹ̀. Ẹ má fún un ní káàṣì.

Ẹ tún wo orí ìwé àdéhùn yín. Bó bá jẹ́ "lease" ni wọ́n kọ síbẹ̀, bíi ti Olóúnjẹ, tí kò sí ibi tí wọ́n ti sọ pé ọkọ̀ á di tiyín, ààbò ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún yẹn lè má kàn yín. Ẹ mú un lọ sí Citizens' Mediation Centre ti Ìpínlẹ̀ Èkó, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Àwọn ni yóò kọ ìwé pe ọlọ́kọ̀ wá, kí ẹ jọ jókòó. Ẹ mú gbogbo ìwé ẹ̀rí owó tí ẹ ti san dání, títí kan èyí tí epo ti ta sí.