Láàbù ní ó yege, títì sì ti jìn

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Títì tí wọ́n da kólítà sí ní àdúgbò wa ní Kabba ń dán gbinrin nígbà ọyẹ́, ṣùgbọ́n kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ojú ipa táyà àwọn tírélà tí ń kó sìmẹ́ǹtì láti Obajana ti jìn. Agbaṣẹ́ṣe ní láàbù yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì yege. Kí ni wọ́n yẹ̀ wò gan-an?

ÌDÁHÙN: Òkun o. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àyẹ̀wò Marshall, èyí tí wọ́n ń lò jù nílẹ̀ wa. Wọn a po òkúta wẹ́wẹ́, iyanrìn àti kólítà gbígbóná, wọn a dà á sínú òrùka irin tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 101.6, wọn a sì fi òòlù gbá a nígbà 75 lójú kọ̀ọ̀kan bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ńlá ni yóò máa gba ọ̀nà náà. Lẹ́yìn èyí ni wọn a rì í sínú omi tí ooru rẹ̀ jẹ́ 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 40, kí ẹ̀rọ tó fún un títí yóò fi fọ́. (Ooru náà kò pọ̀ jù, ojú títì dúdú lè gbóná tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn.) Ẹ̀rọ yóò sọ ìwọ̀n ẹrù tó gbà kó tó fọ́, yóò sì sọ bí ó ti sún tó.

Ẹrù yẹn nìkan ni àwọn agbaṣẹ́ṣe máa ń fẹ́ kí a wò, bẹ́ẹ̀ ni kò tó. Àyè afẹ́fẹ́ tó kù láàárín òkúta ṣe pàtàkì, ìdá 3 sí 5 nínú 100 ni wọ́n sì sábà máa ń fẹ́. Bí kólítà bá pọ̀ jù, àyè náà a dí, àpòpọ̀ náà a rọ̀ lábẹ́ oòrùn, táyà a sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí àyè bá pọ̀ jù, omi òjò a wọlé, a sì bọ́ kólítà kúrò lára òkúta.

Síbẹ̀, ohun tí láàbù pò lè yàtọ̀ sí ohun tí ọkọ̀ dà sílẹ̀ ní Kabba. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ gé títì náà yíká ní ibi méjì, ọ̀kan nínú ipa táyà, ìkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ti inú ipa bá tín-ín-rín ju èkejì lọ, a jẹ́ pé àpòpọ̀ ló sún. Kí wọ́n yọ kólítà inú rẹ̀, kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Bí méjèèjì bá nípọn bákan náà, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ló rì, kò sì sí àyẹ̀wò kólítà tí ó lè fi ìyẹn hàn.